Ọmọ Tí Kì Í Kí Èèyàn

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí: Ìkẹ́ kì í ṣe agbéraga. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé gbogbo ẹnu tó wà ní Fifth Avenue, ní Festac, ló ti sọ ọ́ pé agbéraga ni, kò sì sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní.

"Ìkẹ́ ọmọ Akínyẹmí? Ọmọ yẹn kì í kí èèyàn." Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, á kọjá lára ìyá arúgbó bí ẹni kọjá lára òpó iná. Àwọn àgbà á yọ ṣùtì ètè sí i, wọ́n á ní ìwé tó kà ló ń gùn ún.

Ìkẹ́ pàápàá kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Ó rò pé lójú gbogbo èèyàn ni iná títì kọ̀ọ̀kan ti ní ìrù mẹ́ta, àti pé kò sẹ́ni tí imú àti ẹnu rẹ̀ máa ń hàn àfi tó bá sún mọ́ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì rẹ̀, kò sí èyí tó ṣe é láǹfààní. Ojú sì máa ń yún un. Láti kékeré ló ti ń fi ìkúùkù ra á títí táá fi pọ́n koko.

Alákijà ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ. Màmá Ẹ̀rínọlá, ọmọ onílẹ̀ ní Ijẹgun-Ẹ̀gbá, ni ìyá Adébánjí, ọkùnrin tó fẹ́ fi Ìkẹ́ ṣaya. Wọ́n ti mọra nílé Màmá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Màmá pàdé Ìkẹ́ ní ibùdókọ̀ ibẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó tilẹ̀ na ọwọ́. Ìkẹ́ wo apá ibẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ náà Màmá kò jẹun. "Adébánjí, ọmọ tí kò rí mi lónìí tí mo ṣì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn, ṣé ìgbà tí mo bá darúgbó ló máa rí mi?" Adébánjí bẹ̀ ẹ́ títí. Màmá ní, "Lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, kó wá kí mi ní gbangba, níwájú ẹgbẹ́ mi. Bó bá tún kọjá lára mi, kó máa lọ, kí ìwọ náà má dárúkọ rẹ̀ nílé yìí mọ́."

Ẹ̀rù ba Ìkẹ́, nítorí ó fẹ́ràn ọmọkùnrin náà gan-an. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kí ohunkóhun tó bá ga tó èèyàn. Ó kúnlẹ̀ fún ọmọ iléèwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, ó kúnlẹ̀ fún agbádá tí wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, sà." Agbádá kò dáhùn. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, Ìkẹ́ sì ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa lanu.

Roqeebah, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń lọ, kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó fà á dìde.

"Ìkẹ́, ṣé o ò rí i pé aṣọ ni?"

"Ẹnì kan ni mo rí tó dúró."

"Ilé ìwòsàn ojú là ń lọ lọ́la. Má bá mi jiyàn."

Ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Dókítà Lilian, obìnrin kan tí kì í kánjú sọ̀rọ̀, ní kí Ìkẹ́ gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan. Àwòrán ojú rẹ̀ yọ sórí kọ̀ǹpútà, ó pupa gbòò láàárín.

"Wo ibi tó pupa yìí," ni Dókítà wí. "Awọ kan tó mọ́ gaara ló bo iwájú ẹyinjú. Ó yẹ kó rí roboto bí ẹ̀yìn ṣíbí. Tìẹ ti fẹ́lẹ́, ó sì ti yọ ṣóńṣó síwájú. Kẹratokónọ́ọ̀sì là ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ibẹ̀ wọlé á fọ́n káàkiri, ìdí nìyẹn tí gíláàsì lásán ò fi ràn ẹ́ lọ́wọ́. Bí o sì ṣe ń ra ojú yẹn, ńṣe lò ń ba awọ náà jẹ́ sí i."

"Ṣé mo máa fọ́jú ni, mà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A máa kán fítámì kan sójú ẹ, a ó tan iná kan sí i, kí awọ náà lè le, kó má yọ síwájú mọ́. Ìyẹn á dá a dúró, àmọ́ kò ní dá èyí tó ti bàjẹ́ padà. Tó bá jinná, a ó wọn lẹ́ńsì líle fún ẹ, tí wàá máa fi sójú láràárọ̀. Òun lo máa fi ríran. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí," ó di ọwọ́ Ìkẹ́ mú, nítorí ó ti tún gbé e lọ sójú, "kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́."

Ìkẹ́ sunkún. Inú rẹ̀ ló dùn. Ohun tí wọ́n ti ń pè ní ìgbéraga látọjọ́ yìí ní orúkọ mìíràn, ó sì ní ìtọ́jú.

Wọ́n ṣe é. Kò dùn ún nígbà tí wọ́n ń ṣe é, àmọ́ nígbà tó délé, ó ta á bí ata rodo. Ó jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má bàa ra ojú. Ó ní kí Adébánjí má tíì sọ ọ́ fún Màmá, pé òun fẹ́ kọ́kọ́ kí i ná. Oṣù díẹ̀ kọjá, ẹ̀rọ fi hàn pé ṣóńṣó náà ti dúró síbi tó wà. Nígbà tí ìkórè kù dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi lẹ́ńsì sí i lójú. Ó jáde síta, ó wo igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì, ó rí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Roqeebah, ṣé bí gbogbo yín ṣe ń rí i látọjọ́ yìí nìyí, tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọjọ́ ìkórè pé. Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ ìyá tú síta, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Adébánjí ń làágùn lẹ́nu géètì, ó fẹ́ nàka sí ìyá rẹ̀. Ìkẹ́ gbá ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. "Má fi wọ́n hàn mí. Mo ti rí wọn." Ó gba inú oòrùn kọjá, ó lọ kúnlẹ̀ sórí yanrìn gbígbóná lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bọ̀. "Màmá, ẹ kú ìkórè o."

Màmá Ẹ̀rínọlá kọjá lọ.

Kò dáhùn, kò bojú wẹ̀yìn. Àwọn ìyá ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Adébánjí ká ọwọ́ lérí. Gbogbo wọn ló rò pé Màmá ti kọ ọmọ náà ní gbangba.

Ìkẹ́ nìkan ló wò ó dáadáa. Ó rí bí Màmá ṣe ń ṣẹ́jú nínú oòrùn, bó ṣe ń dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń tọ́ ilẹ̀ wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Òun náà ti rìn bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ó dìde, ó lọ mú un lọ́wọ́, ó sì rọra sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíì má bàa gbọ́.

"Màmá, èmi Ìkẹ́ ni. Àtẹ̀gùn wà níwájú yín. Ẹ fara tì mí."

Màmá di ọwọ́ náà mú pinpin. "Ṣé o ti kí mi tẹ́lẹ̀ ni?"

"Mo kí yín, mà."

"Mo gbọ́ 'Màmá', àmọ́ gbogbo wa ni wọ́n ń kí bẹ́ẹ̀; mi ò rí ẹ. Ojú yìí ti ń ṣú láti bí oṣù mélòó kan, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Ó yíjú sí Ìkẹ́. "Ọjọ́ Alákijà yẹn ńkọ́?"

"Èmi náà ò rí yín, mà."

Màmá dúró gbọnin. Omi lé ròrò sí i lójú, ó gbé ọwọ́ kó fi ra á, Ìkẹ́ sì gba ọwọ́ náà mú. "Ẹ má ra á, mà. Mo mọ dókítà tó máa wò ó."

Màmá yíjú sí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó gbé ohùn sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. "Ta ló sọ pé ìyàwó ọmọ mi kì í kí èèyàn?"

Adébánjí, tó ti sáré dé ọ̀dọ̀ wọn, lanu láti dáhùn. Ìkẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọkùnrin náà sì pa ẹnu rẹ̀ dé.