Egungun Keje

Nǹkan tó dé bá Bàbá Rúlà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, kó má dé bá ẹni tí a fẹ́ràn. Ó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn tó ti máa ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi, tábìlì gígùn níwájú rẹ̀, ife tíì lọ́wọ́ òsì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò, tí Bàbá fúnra rẹ̀ sì ń pè ní Tíṣà bíi pé kì í ṣe òun ló bí i, jókòó sódìkejì. Wọ́n fẹ́ tún ìwé àwòrán ọkọ̀ Bàbá tẹ̀. Tíṣà ń ka òǹkà inú ìwé jáde, Bàbá ń wo ìwé àfọwọ́kọ tó fi ṣírò ọkọ̀ náà látijọ́.

"Egungun kẹfà, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún géérégé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Egungun keje, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ínṣì márùn-ún."

Bàbá fi ìka tẹ ìlà kan nínú ìwé tirẹ̀.

"Bàbá mi, ínṣì márùn-ún ni mo wí o."

"Méjì," ni Bàbá wí. "Ínṣì méjì ló wà níbí. Tún un kà."

Ó tún un kà. Ó tiẹ̀ yí ìwé náà sí i kó fojú ara rẹ̀ rí i. Márùn-ún ni, ó dúró digbí sójú ìwé.

Àwọn igi títẹ̀ tó tò láti iwájú ọkọ̀ dé ẹ̀yìn, bí egungun ìhà ẹja, ni Bàbá ń pè ní egungun. Ara wọn ni wọ́n ń kan pákó mọ́. Òǹkà yẹn sì ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó láti àárín ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹyọ kan bá fi ínṣì mẹ́ta yọ síta ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ńṣe ni wọ́n á fipá tẹ pákó gba orí rẹ̀, ìṣó á sì máa fà. Lórí omi kékeré, ó lè má ṣe nǹkan kan. Lójú òkun, níbi tí ìgbì ti ń gbá ọkọ̀ ní àgbátúngbá, ìṣó á yọ, pákó á là, omi á wọlé. Èyí tó kù, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lọ́jọ́ yẹn, èje nìkan ti tó ìyọnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá Rúlà jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ya ọkọ̀ fún àwọn olówó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun á ya ẹyọ kan fún àwọn mẹ̀kúnnù: ọkọ̀ onígbòkun tó nípọn, tó fi irin wúwo ṣe ìdí, tí yóò gba ìgbì òkun mọ́ra, ṣùgbọ́n tí ẹni tí kò di ìfági mú rí á lè kàn lẹ́yìnkùlé ara rẹ̀. Ó sì yà á lóòótọ́. Wàhálà rẹ̀ kan ni pé kò fọkàn tán àwọn tó fẹ́ kàn án. "Fún ojúlówó ọ̀gbẹ̀rì láyè ínṣì kan," ló máa ń wí, "á gbẹ́ fèrèsé sábẹ́ omi." Ìdí nìyẹn tó fi kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé àkọ́kọ́: Ẹ má yí ohunkóhun padà. Ẹ má fojú wọn ohunkóhun. Mo ti wọ̀n ọ́n.

Bí èèyàn bá sì fi lẹ́tà béèrè ọ̀rọ̀, Bàbá kì í fi ìwé tuntun ṣòfò. Ó ní òòtẹ̀ onínǹkì pupa kan tó kà pé ÌDÁHÙN WÀ NÍNÚ ÌWÉ. Gbà! ló máa lù ú sórí lẹ́tà onítọ̀hún, á sì dá a padà fún un. Ó ti gbádùn òòtẹ̀ yẹn jù.

Ẹni mẹ́rin péré ló ra ìwé náà. Mẹ́ta ṣì ń kàn án lọ. Ẹnì kan ṣoṣo tó parí ni Téló, aránṣọ kan tó ń gbé ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ibẹ̀, tó ti ń rán aṣọ ìrìnàjò fáwọn ẹlòmíràn láti ọgbọ̀n ọdún, tó wá ní ó tó gẹ́ẹ́, òun náà ń lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni kéréènì á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sómi, òun àti ìyàwó rẹ̀ á sì forí lé òkun. Fọ́ọ̀mù ilé-iṣẹ́ èbúté wà lórí tábìlì Bàbá níbẹ̀, ó ń dúró de ọwọ́ rẹ̀: Mo jẹ́rìí pé wọ́n kan ọkọ̀ yìí gẹ́lẹ́ bí ayàwòrán ṣe yà á. Láìsí ìwé yìí, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ lọ.

"Kí ló máa ń sọ nínú lẹ́tà rẹ̀?" ni Tíṣà béèrè.

"Pé òun tẹ̀lé ìwé láìyẹsẹ̀. Pé gbogbo ẹ̀ ló bára mu."

"Kò lè bára mu, Bàbá mi. Bó bá tẹ̀lé ìwé, ọkọ̀ á ní gegele."

Bàbá mú fọ́tò tí Téló fi ránṣẹ́. Ara ọkọ̀ náà ń dán, ó lọ tààrà láti imú dé ìdí, kò sí gegele kankan. Ó fi awò ńlá wò ó, kò rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí Téló bá tẹ̀lé ìwé, ọkọ̀ yẹn ò lè rí báyìí. Bí kò bá tẹ̀lé e, kí ló wá kàn? Ṣé òpùrọ́ ni Téló ni, àbí òun gan-an ni ojú òun ti ń ṣe bàìbàì? Tíì tutù, kò mu ún. Ó kó téèpù àti fọ́ọ̀mù sápò, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Téló dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní iwájú ṣọ́ọ̀bù. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò rí ojú ẹni tó ń kí. "Bàbá! Ẹ̀yin fúnra yín! Ìyá wọn, jáde wá wò ó, Bàbá tó ya ọkọ̀ wa ló dé!" Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Sísọ́ọ̀sì torí pé òun ló ń gé aṣọ tí ọkọ rẹ̀ ń rán, kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀ kíá bí ẹni tí iná wà lórí ọbẹ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ páànù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni ọkọ̀ náà wà. Ká má purọ́, ó rẹwà. Bàbá gun inú rẹ̀, ó ka egungun láti iwájú, ó na téèpù lé ìkeje. Ó nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó nà án lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ínṣì méjì ààbọ̀.

Kì í ṣe márùn-ún tó wà nínú ìwé. Kì í ṣe méjì tó yẹ kó wà níbẹ̀. Àjèjì òǹkà kan tí kò sí níbì kankan láyé Bàbá ni. Ìkẹfà àti ìkẹjọ pàápàá, ìfági ti bà wọ́n díẹ̀. Bàbá jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. "Mo gbé o," ló wí fún ara rẹ̀.

"Téló, sọ òótọ́ fún mi. O yí nǹkan padà?"

"Èmi kẹ̀!" Téló fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó nàka sí ojú ìwé àkọ́kọ́, tó fi gíláàsì bò tó sì gbé kọ́ sára ògiri. "Ẹ ní ká má yí i, Bàbá. Bí ẹ bá ní kí n kan imú ọkọ̀ sẹ́yìn, màá kàn án síbẹ̀."

Bàbá ní òun fẹ́ mu omi. Wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, Téló lọ bu omi, Bàbá sì gbójú sókè síbi tí wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n ti rán kọ́. Igi títẹ̀ kan ni wọ́n so mọ́ òrùlé, aṣọ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa rí ọmọ tó bí tí kò ní mọ̀ ọ́n. Ó ti àwọn aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó na téèpù láti àmì dé àmì. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ínṣì márùn-ún. Ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ síbẹ̀: 7.

Téló gbé ife omi dé, ó sì rí i. "Ọwọ́ mi nìyẹn. Èmi ni mo kọ ọ́. Egungun keje rèé." Ó wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó wo òkè. "Èwo ló wá wà nínú ọkọ̀?"

Àwọn méjèèjì yíjú sí Ìyá Sísọ́ọ̀sì. Kò dáwọ́ dúró. Ó gé aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé òpin ìlà kó tó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ má bínú," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì tí ibà fi dá yín dùbúlẹ̀ nígbà yẹn, èmi ni mo yọ ọ́. Mo gé òmíràn."

"Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tọ̀tún tòsì?" ni Téló béèrè. "Èyí tó kù ńkọ́?"

"Òun ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ṣé ẹ rí i pé kò mì mọ́?"

Ọdún mẹ́ta ni Téló ti ń sùn lórí egungun keje.

"Ta ló ní kí o yọ ọ́?" Bàbá ti ń pariwo, kò sì mọ̀ bóyá obìnrin yìí lòun ń bá wí àbí ara òun. "Ta ló ní márùn-ún ò dáa?"

"Ojú mi ni, Bàbá. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní ìbàdí òun jẹ́ ogójì, ṣé mo máa gé e ní ogójì láì wò ó? Mo gbé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan lé àwọn egungun yẹn. Ó ń lọ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, àfi ìgbà tó dé ìkeje, ló bá yọ gọnbọ, bí ẹni tó ki búrẹ́dì sápò. Mo gé tuntun náà títí tó fi jókòó. Ìkẹfà àti ìkẹjọ, mo fá wọn díẹ̀ kí wọ́n lè rẹ́."

"Kí ló dé tí o ò béèrè lọ́wọ́ mi!"

Ìyá Sísọ́ọ̀sì na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Ó fa dúrọ́ọ̀ bọ́tìnnì, ó mú ìwé pélébé kan jáde lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, egungun keje dà bíi pé ó yọ síta. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Èmi ni, ìyàwó Téló.

Lórí ọ̀rọ̀ náà gan-an ni wọ́n lu òòtẹ̀ sí, pupa fòò: ÌDÁHÙN WÀ NÍNÚ ÌWÉ.

Ojú ti Bàbá Rúlà. Ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè, ó kàn ń ka lẹ́tà ìlà mẹ́ta náà lọ, ó ń kà á bọ̀. Kò rántí rẹ̀ rárá. Kò kà á nígbà tó dé, òòtẹ̀ ló kàn lù ú. Téló náà ti jókòó sórí àga ẹ̀rọ rẹ̀. "Ká ní èmi nìkan ni," ló wí jẹ́jẹ́, "màá tẹ̀lé ìwé wọnú omi lọ ni. Màá sì gbé ìwọ náà dání, Ìyá wọn."

"Àbí," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì fọwọ́ lé e léjìká.

Téló gbójú sókè. "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí á gbé wa báyìí?"

Gbogbo ayé Bàbá, kò fi ẹnu rẹ̀ sọ gbólóhùn tó sọ lẹ́yìn ìyẹn rí. "Mi ò mọ̀," ló wí. "Ọkọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo yà."

Ó sùn síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá di orí téèpù kan mú, Ìyá Sísọ́ọ̀sì di ìkejì. Wọ́n kó aṣọ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, Bàbá tẹ́ ìwé, ó fi òǹkà ọkọ̀ fa ìlà, ó ṣírò bí ìdí rẹ̀ ṣe wúwo sí àti bí yóò ṣe dìde bí ìgbì bá gbé e tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ọkọ̀ á gbé wọn. Ìlà tí obìnrin yìí fojú gé tiẹ̀ rọ̀ ju ìlà tí òun fi ọdún méjì ṣírò lọ. Ó dùn ún wọra, ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, wákàtí kan ló fi ń wá àṣìṣe níbẹ̀ tí kò rí.

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ló wí níkẹyìn. Ó fa fọ́ọ̀mù yọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kan ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe yà á, ó so ìwé òǹkà tuntun mọ́ ọn. Níbi tí wọ́n ti ní kí ayàwòrán fọwọ́ sí, ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó sì na bírò sí Ìyá Sísọ́ọ̀sì.

"Èmi ò mọ ọkọ̀ yà, Bàbá."

"Egungun keje tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, ta ló yà á?"

Ó gba bírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ti Bàbá, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára aṣọ olówó ńlá. Téló ń wò ó látẹ̀yìn, omi lé sójú rẹ̀.

Àmọ́ kò dá bírò padà. "Bàbá," ló wí, "àwọn mẹ́ta yòókù tó ra ìwé yín ńkọ́?"

Bàbá rántí àwọn lẹ́tà tó ti lù ní òòtẹ̀, kò sì mọ iye tó jẹ́ ti egungun keje nínú wọn. "Màá kọ̀wé sí wọn bí mo bá délé."

"Ẹ kọ ọ́ báyìí."

Ó fa ìwé mẹ́ta yọ fún un, ó sì sún àga. Bàbá Rúlà tẹ̀ síwájú lórí tábìlì ìgéṣọ, ó ṣàlàyé àṣìṣe rẹ̀, ó ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé: Ẹ sọ fún mi, kí ni ojú yín rí ní egungun keje?

Ìyá Sísọ́ọ̀sì kà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀.

"Ẹ fi 'ẹ jọ̀ọ́' kún un, Bàbá."

Ó sì fi kún un.