Mẹ́gáàdì Inú Ẹ̀jẹ̀ Màámi

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn yẹn, ẹ bọ́ síwájú. Ìwọ tó ń wo fóònù, dojú ẹ̀ bolẹ̀ jàre! Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tá a ń fetí kan gbọ́.

Obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìyá Dígí ni wọ́n ń pè é, torí ojú ẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Oríkèé ìyá ẹ̀ ló ń wú. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ màmá, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, orúnkún onílé ni wọ́n kọjú ìjà sí. Oògùn tó yẹ kó wọ inú wọn lọ pẹ̀tù sí wọn ò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àárọ̀ àtalẹ́ ni màmá ń gbé oògùn àti ife omi lọ sójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó ẹ̀ tó gbìn sínú ìkòkò. Ó ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ló ń jẹ́ kó lọ lọ́fun.

Dókítà ní, "Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ yẹn, ló ní mẹ́gáàdì lẹ́nu ọ̀nà. Oògùn á wọlé, wọ́n á gbé e jù síta. Tí ti màmá yín bá le jù, abẹ́rẹ́ ńlá ló kù, ìyẹn sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́."

Ẹ̀jẹ̀ ẹni tára ẹ̀ le ni wọ́n máa fi wé ti màmá. Àbúrò Ìyá Dígí, káfíńtà, ló napá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o! Ẹ ò sọ pé ẹ fẹ́ fà mí gbẹ!"

"Panu mọ́. Òòlù ń gbá ẹ lọ́wọ́ lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ lò ń sunkún sí."

Ìyá Dígí da àwọ̀ tó ń tàn yòò sínú ẹ̀jẹ̀ méjèèjì. Sẹ́ẹ̀lì tí mẹ́gáàdì ẹ̀ bá gbóná á gbá àwọ̀ síta, á ṣókùnkùn. Ó jókòó dúró. Ẹ̀rọ ń kùn bí ẹni ń rẹ ọmọ. Oorun gbé e lọ.

Ó ń léfòó nínú odò pupa, omi ẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́nu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì káfíńtà, mẹ́gáàdì ń làágùn, ó ń gbé àlejò títàn léjìká, ó ń jù wọ́n síta, wọ́n ń já bọ́ bí ìràwọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ mọ oògùn yàtọ̀ sí májèlé?"

"Àǹtí, èmi ò kàwé. Ẹni tí mi ò bá mọ̀, ìta!"

Ó léfòó dé ti màmá. Mẹ́gáàdì ibẹ̀ jókòó, ó ń yán.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oògùn màmá mi wọlé!"

"Oògùn wo? Látọjọ́ tí mo ti wà níbí, oògùn kankan ò kan ilẹ̀kùn yìí rí."

Píì! Ẹ̀rọ jí i. Ó wo dígí: ẹ̀jẹ̀ méjèèjì ṣókùnkùn bákan náà.

Òun àti káfíńtà bá gba ilé lọ.

"Màámi, mẹ́gáàdì yín ò le ju tọmọ yín lọ."

"Hẹn-ẹn! Ṣé mo bí ọ̀lẹ ni?"

"Kí ló wá dé tí oògùn ò ràn yín?"

"Ẹ bi dókítà! Èmi ń lò ó." Ó yára dúró síwájú òdòdó, tòun ti orúnkún wíwú.

Káfíńtà na ọwọ́ kọjá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó tìka bọ iyẹ̀pẹ̀ òdòdó, gbogbo oògùn oṣù náà ló bá níbẹ̀.