Ẹ̀gbà Ọrùn Lẹ́yìn Kọ́tìnnì

Ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, òfin kan wà tó ti pẹ́ ju ẹ̀rọ ìránṣọ ibẹ̀ lọ: bí oníbàárà bá ti wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì láti wọ aṣọ wò, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú sí i. Ìyá Aránṣọ fúnra rẹ̀ kì í kọjú sí ọ̀nà ibẹ̀ rárá. Á yí ojú sí ògiri, á máa kọrin lábẹ́lẹ̀, títí oníbàárà yóò fi fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ojú máa ń ti àwọn obìnrin níwájú dígí, àti pé ẹni tójú bá tì lọ́dọ̀ òun kò ní padà wá mọ́.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo bá òfin náà nílẹ̀, kò sì béèrè ìdí rẹ̀ rí. Ojú-Ìyá ni àwọn oníbàárà ń pe ọmọ yìí, nítorí òun ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún ìyá rẹ̀. Awọ funfun kan ló ń bo ẹyinjú ìyá náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ṣẹ̀rín. Ìyá á ní iná ṣọ́ọ̀bù ni kò mọ́lẹ̀ tó. Àfi lọ́jọ́ tó rán apá ọ̀tún sí ibi tó yẹ kí apá òsì wà lára aṣọ ìgbéyàwó kan. Nígbà tó fọwọ́ kàn án tó mọ ohun tó ṣe, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ojú ní iṣẹ́ abẹ lè mú kí ojú náà ríran dáadáa padà, bí wọn kò bá ti jẹ́ kó pẹ́. Ó tún un sọ kí wọ́n tó jáde: kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́ o.

Ohun kan ṣoṣo tó wà nílé tó lè ká owó iṣẹ́ abẹ náà ni ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ìyá Ìyá Aránṣọ fi sílẹ̀. Inú agolo bọ́tìnnì ló ń gbé, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì tí kò ní ìkejì, níbi tí olè kò ní ronú dé. Ewé wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi wúrà rọ yí i ká. Ọ̀kan nínú àwọn ewé náà tẹ̀ níbi tí Ojú-Ìyá ti fi eyín gé e nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, lórí itan ìyá rẹ̀ àgbà.

Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà ní òdìkejì títì, ẹni tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Òṣùwọ̀n. Bàbá wọ̀n ọ́n, ó fi ha òkúta dúdú tó fi ń dán wúrà wò, ó kán omi kíkan sí ìlà tó hàn, ìlà náà kò parẹ́, ó ní ojúlówó ni.

“Ṣùgbọ́n tí mo bá rà á, màá yọ́ ọ ni,” ó wí. “Ìwọ̀n rẹ̀ nìkan ni màá sanwó fún. Ẹ wá ẹni tó máa fi sọ́rùn. Ìyẹn á sanwó ọnà ara rẹ̀.”

Òun ló ní kí Ojú-Ìyá gbé e sórí ayélujára, òun náà ló sì kọ́ ọ bí yóò ṣe ṣọ́ra. Kó má sọ ibi tó ń gbé fún ẹnikẹ́ni. Kó má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì rẹ̀. Kó má gba ìwé ẹ̀rí ìsanwó gbọ́, àfi tí owó náà bá wọlé sí àkáǹtì lójú ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó wá bá wọn nídìí òṣùwọ̀n òun.

Ojú-Ìyá tẹ́ ẹ̀gbà náà sórí aṣọ àrán aláwọ̀ búlúù, ó yà á ní fọ́tò. Ó ya iwájú, ó ya ẹ̀yìn, ó ya ìkọ́ rẹ̀, ó tẹ́ tépù ìwọnṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí gígùn rẹ̀ lè hàn. Ó tilẹ̀ ya ewé tó tẹ̀ náà ní àyàsúnmọ́, torí ó gbà pé ẹni tó bá ń ṣòótọ́ kì í fi àbùkù ọjà pa mọ́. Bó ṣe ń yà á, ọkàn rẹ̀ ti lọ jìnnà. Ó ń rí ìyá rẹ̀ tó ń sọdá títì ní òun nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò di í lọ́wọ́ mú.

Àwọn oníjìbìtì kò jẹ́ kó pẹ́. Ọkùnrin kan ní kó fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ kí òun lè sanwó sí i. Ojú-Ìyá rẹ́rìn-ín, ó dí i pa lórí fóònù. Òmíràn fi fọ́tò ìwé ìsanwó ránṣẹ́, ọlọ́kadà tó ní kó wá gbé ẹrù sì ti dúró sí oríta. Ojú-Ìyá pe báńkì, owó kankan kò wọlé, ó bá dá ọlọ́kadà padà lọ́wọ́ òfo. Bàbá Òṣùwọ̀n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní, “Wọn ò rí tìẹ gbé ṣe.” Orí Ojú-Ìyá wú lọ́jọ́ náà.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó àfẹ́sọ́nà kan pè lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ tutù, kò béèrè nọ́ńbà, kò béèrè àdírẹ́sì. Ìdí òṣùwọ̀n ni òun náà fẹ́ kí wọ́n ti pàdé. Bàbá Òṣùwọ̀n wọn ẹ̀gbà náà lójú rẹ̀, ó mi orí, ó ní ó dára. Ìyàwó náà wá ní ọrùn gáùn ìgbéyàwó òun nìkan ni òun ń rò. Gáùn náà ló wà nínú báàgì yìí. Ṣé ibì kan wà tí òun ti lè wọ̀ ọ́ kí òun rí bí méjèèjì ṣe bára mu? Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Òṣùwọ̀n kò ju àpótí onídígí àti àga kan lọ.

Ojú-Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. “Ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn lódìkejì, ẹ̀gbọ́n. A ní kọ́tìnnì.”

Bàbá Òṣùwọ̀n ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn. Ó gbórí sókè, ó ní kí wọ́n tètè padà.

Ìyá Aránṣọ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó ní kí mọ́mì wo ọrùn òun, kúkurú ni. Ìyá rẹ́rìn-ín: “Ìyàwó wa, tó bá ti ń gbé orí ẹ dúró, a ò bá a jà.” Ìyàwó gba ẹ̀gbà, ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tòun ti báàgì rẹ̀. Ìyá Aránṣọ kọjú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ojú-Ìyá náà kọjú sí ògiri. Ó gbọ́ síìpù gáùn, ó gbọ́ síìpù báàgì, ó sì ń ro irú aṣọ tí ìyá rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rán nígbà tójú bá là.

Nígbà tí ìyàwó jáde, ó yí ara rẹ̀ po níwájú dígí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní ó dùn òun, ẹ̀gbà náà bo ọnà ọrùn gáùn òun. Ó bọ́ ọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Aránṣọ.

Ìyá fi ọwọ́ gbé e sókè-sódò. “Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí,” ó wí. Ó wá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. “Ojú ti lọ, ọwọ́ náà ti ń di ẹrù ẹ̀.”

Ojú-Ìyá wo ẹ̀gbà náà. Ewé tó tẹ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń wà. Àánú ìyàwó náà sì ṣe wọ́n débi pé Ìyá Aránṣọ fọwọ́ wá etí gáùn tó tú, ó bá a rán an láìgba nǹkan kan. Ìyàwó ṣàdúrà fún wọn kó tó lọ.

Ẹni tó tún wá ra ẹ̀gbà náà nídìí òṣùwọ̀n jẹ́ oníṣòwò kan tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sìn ín wá. Bàbá Òṣùwọ̀n gbé ẹ̀gbà sórí òṣùwọ̀n, ó gbé e kúrò, ó nu òṣùwọ̀n, ó tún gbé e lé e. Ó fi ha òkúta dúdú, ó kán omi kíkan sí i. Ìlà náà hó, ó di àwọ̀ ewé, ó sì parẹ́.

“Idẹ ni,” ó wí, bí ẹni pé ó ń tọrọ àforíjì.

Ojú-Ìyá gba ẹ̀gbà náà, ó wo ewé tó tẹ̀. Ó ń ṣàlàyé ìyàwó, ó ń ṣàlàyé kọ́tìnnì, ṣùgbọ́n oníṣòwò náà ti ń wò ó látòkè délẹ̀. Ó yíjú sí Bàbá Òṣùwọ̀n, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin àti ọmọ yìí lẹ jọ ń ṣe é, àbí?” Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé fóònù sókè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ojú Ojú-Ìyá ti wà lórí ayélujára, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí aráyé ṣọ́ra fún olè yìí.

Ọlọ́pàá tó gbọ́ ẹjọ́ wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ tìyá, ó gbọ́ tọmọ, ó gbọ́ ti Bàbá Òṣùwọ̀n tó ń búra pé wúrà gidi ni òun wọ̀n lọ́jọ́ náà. Ó gbé ẹ̀gbà idẹ náà sókè.

“Ìyá, ẹni yìí gba ẹ̀gbà lọ́wọ́ yín, ó dá ẹ̀gbà padà. Ta ló rí i nígbà tó pàrọ̀ ẹ̀?”

“Kò sẹ́ni tó rí i. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló wà.”

“Ìwọ ńkọ́, ọmọ yìí?”

“Mo kọjú sí ògiri, sà.”

Ọlọ́pàá náà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Nọ́ńbà tí ìyàwó náà fi ń pè kò lọ mọ́.

Ojú-Ìyá lọ wo àwọn fọ́tò tó yà. Gbogbo ohun tí alágbẹ̀dẹ idẹ nílò láti rọ irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀: iwájú, ẹ̀yìn, ìkọ́, tépù, àti ojú eyín ara rẹ̀ lára ewé kékeré náà. Òun ló fi wọ́n síbẹ̀. Ó ń kọ àlàyé sábẹ́ fọ́tò tí wọ́n fi bà á lórúkọ jẹ́, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Àwọn oníbàárà ń wá kó aṣọ wọn ní àìrán, wọn kò sọ ìdí. Ọjọ́ tí dókítà dá fún iṣẹ́ abẹ náà kọjá lọ, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí rí. Bó bá bá a wí, ì bá sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ojú-Ìyá tú kọ́tìnnì náà, ó ká a jọ. Ìyá Aránṣọ fọwọ́ tá ibẹ̀ nígbà tó ń kọjá, ọwọ́ rẹ̀ bá òfìfo.

“Níbo lo fẹ́ kí wọ́n ti máa wọ aṣọ wò?”

“Màámi, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti jà wá lólè.”

“Mo mọ̀. Gbé e kọ́ padà.”

Ó gbé e kọ́. Kò pẹ́ tí obìnrin kan tó ṣì ń bá wọn ránṣọ wọlé, ó ní òun fẹ́ wọ bùláòsì òun wò. Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì tòun ti báàgì rẹ̀. Ìyá Aránṣọ, tí kò lè mọ ojú fèrèsé yàtọ̀ sí ojú ilẹ̀kùn mọ́, rọra yí ojú sí ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ojú-Ìyá wo kọ́tìnnì tó ń mì. Ó wo ojú ìyá rẹ̀ tí kò rí nǹkan kan, síbẹ̀ tó yí i kúrò lọ́dọ̀ kọ́tìnnì. Ó gbọ́ tí síìpù kan ń ṣí, kò mọ̀ bóyá ti aṣọ ni tàbí ti báàgì, òun náà bá yí ojú sí ògiri.