Ohun Tí Màmá Kò Sọ Fún Dádì

Ọjọ́ Sátidé kan ni Ìyá Kòfowórọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, gbéra ní Bódìjà lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Challenge. Wọ́n jọ ń já ẹ̀fọ́ ní kíṣìnnì ni fóònù Kòfowórọlá dún. Ohùn ẹni tó pè é ròkè débi pé màmá gbọ́ ọ: "Máníjà wa tuntun! A kú oríire o!"

Kíá ni Kòfowórọlá pa fóònù.

"Máníjà kẹ̀? Bámidélé ò mà sọ fún mi."

"Ọkọ mi ò tíì mọ̀, mà. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fún mi ní lẹ́tà." Ó mí kanlẹ̀. "Ìgbéga tiẹ̀ ní yunifásítì ò bọ́ sí i lóṣù tó kọjá. Ṣé tèmi ni n ó wá fi kún un? Mo ń rò ó pé kí n kọ̀wé sí wọn pé mi ò ṣe."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi kẹ̀?" ni màmá wí.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún Àǹtí Fúnlọ́lá, ọ̀rẹ́ yín, pé ẹ ti kọ̀ ọ́, kí Dádì má bàa kéré lójú ẹgbẹ́ wọn."

Màmá fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó wá ìjókòó.

"O ò gbọ́ ọ tán. Dádì yín ò ní kí n kọ̀ ọ́. Mi ò tilẹ̀ sọ fún wọn. Ọdún kẹta ni wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó sì dùn wọ́n dọ́kàn. Wọ́n ní irú ọkùnrin wo ni mo rò pé àwọn jẹ́? Ọmọ mi, mo ṣì í ṣe. Má kọ́ ọ lára mi."

Kò pẹ́ tí Bámidélé fi wọlé. Kòfowórọlá sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Màmá ń gbàdúrà sínú.

"Ọ̀sẹ̀ méjì!" Bámidélé ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì lo fi ń dá ayọ̀ yìí jẹ? Tèmi ń dùn mí, n ò ní purọ́. Àmọ́ ṣé ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi ni?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Màmá, ẹ kú oríire ọmọ o!"

Kòfowórọlá bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Nínú tákísí tó ń gbé e padà lọ sílé, màmá pe Adùnọlá, àbúrò Kòfowórọlá tó wà ní Àkúrẹ́, tó máa ń búra pé òun ò ní fẹ́ ọkùnrin tí yóò sọ òun di kékeré. Ó ro ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Adùnọlá ní, "Màmá, látìgbà tí àǹtí mi ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti rò pé Dádì ló ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bínú sí wọn."

"Kì í ṣe wọn, ọmọ mi. Èmi ni."

Ó sọ ọ́ tán, ara rẹ̀ sì fúyẹ́.