Ẹja Tí Amọ̀nà Kò Rà

Bí ìgbéraga bá ṣeé jẹ ni, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Amọ̀nà ìbá ti yó kẹ́ri kó tó kúrò nílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ ẹrù ọkọ̀ òkun sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ló fi orúkọ yẹn dá a lápàárá, torí kò síbi téèyàn máa dárúkọ tí kò ní í ní òun mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Ohun tí kò sọ fún wọn ni pé látìgbà tó ti dé ìlú èbúté tí wọ́n ń gbé, oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń dì fún un ló ń jẹ. Kò jẹun níta rí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá wò wọ́n. Ojú ìyá wọn ti ń ṣe bàìbàì, ìyàwó Amọ̀nà sì fẹ́ kí ìyá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ló ni àṣẹ. Ìyàwó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó mú Àǹtí lọ jẹ ẹja létí omi, kó sì jọ̀ọ́, kó rọra ṣe. Amọ̀nà ní ṣé òun lèèyàn ń júwe èbúté fún.

Ní ilé oúnjẹ àkọ́kọ́, ebi ti ń pa Àǹtí, òórùn àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín nínú epo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Wọ́n jókòó. Alásè wo ojú wọn, ó wo ọwọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn ti ń jẹ ẹja wọn dé egungun. Àǹtí ní bóyá káwọn béèrè. Amọ̀nà ní àlejò ní í béèrè. Ó wúkọ́, ó pàtẹ́wọ́, ó fi kọ́kọ́rọ́ lu tábìlì bí adájọ́ tí kò rí ẹjọ́ dá. Nígbà tó sú u, ó dìde, ó ní ìwà wọn ti bàjẹ́ látìgbà tóun ti wá síbẹ̀ kẹ́yìn.

Bákan náà ló rí ní ìkejì. Alásè ibẹ̀ náà wo ọwọ́ wọn. Amọ̀nà lọ fọ tirẹ̀.

Ní ìkẹta, Àǹtí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wọ ilé ìdáná lọ, Amọ̀nà gbọ́ ẹ̀rín níbẹ̀, ó sì padà wá.

"Wọn kì í ta ẹja níbí, ọkọ wa. Oníkálukú ló ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn apẹja nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n á wá bá a sè é. Ọwọ́ òfo la gbé wá."

Wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Àwọn apẹja ti ń fọ apẹ̀rẹ̀. Ìpẹ́ ẹja nìkan ló kù nílẹ̀. Wọ́n ní ó di òwúrọ̀ ọ̀la. Amọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni kò bá a jiyàn, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Àǹtí jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà.

"Ọkọ wa, Màmá ò ní í wá."

Amọ̀nà ní ṣé torí ẹja lásánlàsàn náà ni.

"Ebi kọ́. Ebi ti pa mí rí. Màmá kì í sọ ibi tó ń dùn ún. Àfi kéèyàn béèrè, kó sì tún béèrè. Ẹ̀yin ò lè béèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Amọ̀nà kì í wá ìdáhùn tì, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló wá sí i lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí: kí lòun lè ṣe tí Àǹtí fi máa yí ọkàn padà, kí lòun sì máa wí fún ìyàwó òun? Ó dé orí ahọ́n rẹ̀ tán. Ó rí i pé àwọn apẹja méjì ń wo òun. Ó gbé e mì. Ìbéèrè yẹn nìkan ló sì wọ inú rẹ̀ lọ́sàn-án náà. Ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó ní òun mọ ọ̀nà àbùjá kan tó já sílé.

Àǹtí wọ bàtà rẹ̀, ó sì lọ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn apẹja.