Gbèsè Àáró

Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé òjò Ọlọ́run ló ba ìrẹsì Lucy jẹ́, èmi àti ẹ̀ la máa jọ fà á. Pásítọ̀ wa ti sọ ọ́, ìyàwó mi ti sọ ọ́, wọ́n rò pé àwọn ń tù mí nínú. Kí wọ́n gbé ìtùnú wọn sílé. Èmi Nehemiah, tí mo jẹ́ olórí àáró àwa mẹ́fà ní Ọ̀tan-Ilé, èmi ni mo bà á jẹ́, ẹnu ara mi ni mo sì fi ń sọ ọ́.

Àáró wa kò le. Tí ìrẹsì bá ti gbó, àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á mú dòjé, a ó gé toko ẹnì kan lónìí, a ó gé tẹlòmíràn lọ́la, títí á fi kárí. Ọjọ́ tí o bá bá mi ṣe, mo jẹ ọ́ lọ́jọ́ kan nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, kò sẹ́ni tó máa bá a wọ oko mọ́. Olórí ló sì ń gbẹ̀yìn. Bí Bàbá Fámódùn tí mo gbapò lọ́wọ́ wọn ṣe ṣe é fún ogún ọdún nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Lucy ló kàn ní Wẹ́sìdeè. Opó ni, àkùrọ̀ etí odò nìkan ni ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ fún òun àtọmọ mẹ́ta. Ìrẹsì ibẹ̀ ni oúnjẹ ọdún kan fún wọn, òun náà ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀. Ó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ti ń tẹrí ba. Tèmi wà lókè, ó ṣì lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà mí sílẹ̀ pé mi ò mọ̀.

Ní Túsìdeè, Ìbùkúnolúwa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Dàda Estate l'Óṣogbo, pè mí lórí fóònù. Ó ní ọ̀gá ibi iṣẹ́ àwọn fẹ́ wá ya fọ́tò àwọn àgbẹ̀ tó ń ṣe àáró lọ́la, wọ́n á sì kọ orúkọ olórí àáró sábẹ́ ẹ̀. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wọlé sí mi lẹ́nu. Mo ro ti àkùrọ̀ Lucy, tí ẹrẹ̀ ibẹ̀ ń mu ènìyàn dé orúnkún, mo ní ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti máa ya èmi ní fọ́tò. Nírọ̀lẹ́, mo pe gbogbo wọn jọ síwájú ilé mi, mo ní oko mi là ń lọ lọ́la, kí Lucy gbẹ̀yìn dípò mi.

Bàbá Fámódùn nìkan ló fèsì. Wọ́n ní, "Nehemiah, ìwọ ló yẹ kó gbẹ̀yìn."

Mo ní, "Bàbá, aṣíwájú ni wọ́n ń pe olórí. Ṣé ẹni tó ń gbẹ̀yìn ni wọ́n ń pè ní aṣíwájú?"

"Nídìí iṣẹ́ lo ti ń ṣíwájú. Kì í ṣe nídìí oore."

Mo ní kí wọ́n lọ jókòó jẹ́ẹ́, ìjọba tiwọn ti kọjá. Ohun tí mo sọ sí àgbà ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin nìyẹn, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́.

Lucy ò jiyàn. Ó wá, ohun tó ń pa mí nìyẹn. Ọjọ́ tó jẹ́ tiẹ̀, ó pọn àbígbẹ̀yìn ẹ̀, ó ń gé ìrẹsì mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, kò sí ọkùnrin tó gé tó o. Èmi wọ bùbá funfun, mo dúró, mo ń wo ojú ọ̀nà. Ọ̀gá ò dé. Nígbà tó di aago mẹ́ta, Ìbùkúnolúwa pè pé wọn ò kúrò l'Óṣogbo mọ́, ọ̀gá ti gba ibòmíràn lọ. Mo bú u títí fóònù mi fi kú.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní Tọ́sìdeè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀, odò kún, ó bo àkùrọ̀. Nígbà tá a máa débẹ̀ ní Mọ́ńdeè, ìrẹsì ti dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti ń hù lórí igi ẹ̀. Lucy dúró sí etí oko, kò sunkún.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ìjà. Mo ní, "Ṣé èmi ni mo rọ òjò ni?" Kò tíì sọ nǹkan kan o. Ojú ń tì mí ni, mo wá ń fi ariwo bò ó. Mo kó sẹ́rẹ̀ pẹ̀lú dòjé mi, mo ní a ó gé èyí tó bá ṣe é gé.

"Ẹ jáde níbẹ̀, Bàbá Wisdom," ni Lucy wí, orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí.

"Mo fẹ́ san àáró ẹ ni."

"Ẹ ò ní san án. Mi ò ní pè yín wá soko mi láéláé. Ọjọ́ tí mo ṣe fún yín, ó wà lọ́rùn yín. Mi ò gbà á, mi ò sì fi jì yín."

Mo wọ́ ẹsẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Bàbá Fámódùn yí padà, wọ́n ń lọ sílé, àwọn tó kù tẹ̀ lé wọn.

Àdùnní, àkọ́bí Lucy, ti wà lọ́dọ̀ ẹbí kan n'Íléṣà báyìí, ó ń fọṣọ fún wọn. Kò lọ síléèwé mọ́. Gbọ́láhàn, ọ̀kan lára àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ni wọ́n fi ṣe olórí àáró. Ìrẹsì mi tún ti gbó lọ́dún yìí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kà mí mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ san ti Lucy." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ bá Lucy nílé. Tó bá jẹ́ pé ó ń bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe, torí mo mọ èébú bú. Ńṣe ló ń kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, olórí," á gbé àga fún mi, á padà sídìí ẹ̀gẹ́ tó ń bó. Lánàá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin tí mo fi ogún ọdún jù. Ó ní kí n dìde, kí n tètè máa lọ, ẹyẹ ti ń jẹ oko mi.

Òótọ́ ló sọ. Láti ìdájí ni mo ti ń dá gé e, mi ò tíì gé dé ìdá mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀gà ti bo ìyókù. Mo dúró láàárín oko, mo ń pariwo mọ́ wọn, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó kù tí mo lè pariwo mọ́.