Ẹ Má Ra Ilẹ̀ Nígbà Ọyẹ́

"Sìgá mímu léwu fún ìlera." Ìyáàfin Olúsànyà, olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ka àkòrí náà sókè, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì wo Sàhéèdì láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ń mu sìgá nínú kíláàsì yìí?"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ogún àgbàlagbà ló ká ẹsẹ̀ jọ sórí bẹ́ǹṣì ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Mowe ní Sátidé yẹn, inú oṣù kìíní ọdún 2006. Ìdajì wọn ló jẹ́ díákónì.

"Ta wá lẹ fẹ́ yí lọ́kàn padà, Ọ̀gbẹ́ni Sàhéèdì? Àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Sàhéèdì náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ kò dénú. Àkòrí kẹta rèé tí obìnrin yìí máa fi bírò pupa fagi lé. Èkíní dá lórí kíkọ́ ọmọbìnrin níwèé, ènìyàn mẹ́jọ ló ti mú un ṣáájú rẹ̀. Èkejì ni pé olùkọ́ wúlò ju àgbẹ̀ lọ. Ìyáàfin Olúsànyà ní òun ti ń gbọ́ ìyẹn láti kékeré, àti olùkọ́ àti àgbẹ̀, òun ò tíì rí èyí tó lówó nínú wọn.

"Mi ò bèèrè Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ yín," ni obìnrin náà wí. "Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá bó bá wù yín. Ohun tó jẹ́ tiyín gan-an ni mo fẹ́ gbọ́, kí ẹni tí kò gbà sì wá gbà. Sátidé tó ń bọ̀ ló kàn yín. Ẹ sì rántí pé ẹ̀ẹ̀kejì rèé."

Ó rántí dáadáa. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tó dúró síwájú kíláàsì tí ohùn kọ̀ tí kò jáde. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ ni. Dípúlómà tó ti ń lé bọ̀ láti ọdún mẹ́ta, tí ilé-iṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga tìtorí ẹ̀ ṣèlérí láti gbà á síṣẹ́, yóò sì di àlá.

Ọwọ́ ni Sàhéèdì fi ń gbẹ́ kànga tirẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ẹni ọdún méjìlélógójì, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì. Ó ti sọ fún wọn pé kọngílá ni òun. Irọ́ ọ̀hún kò kúkú pọ̀, ṣùgbọ́n láràárọ̀ Sátidé ló máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹrẹ̀ kúrò nínú èékánná kó tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀.

Nígbà tó dé yàrá tí wọ́n háyà ní Ibafo, ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù, ń sá aṣọ lọ́wọ́. Sàhéèdì ro ẹjọ́ náà fún un tẹ̀dùntẹ̀dùn.

"Bàbá Ọmọlabí, kí ló wá le níbẹ̀?" ni Sẹ̀kínátù wí. "Ọ̀rọ̀ wo ló máa ń bí yín nínú jù? Èyí tẹ́ ẹ máa ń rò fún mi títí ọbẹ̀ á fi tutù?"

Sàhéèdì ronú díẹ̀. "Àwọn tó ń ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́."

"Ẹ ò wá rí nǹkan!"

"Tí mo bá sọ ìyẹn, wọ́n á mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe."

"Ṣé olè lẹ̀ ń jà ni?" Sẹ̀kínátù gbọn ṣòkòtò iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ pàà, omi rẹ̀ ta sí i lójú. "Kànga tẹ́ ẹ gbẹ́ ni gbogbo àdúgbò yìí ń mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ ọ́."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bádéjọ, olórí kíláàsì wọn, ẹni tó máa ń so táì nínú oòrùn, iṣẹ́ ilẹ̀ títà ló ń ṣe. Lẹ́yìn ọdún tuntun ló kó wọn lọ wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn Asese. Ilẹ̀ náà gbẹ, ó tẹ́jú bí ẹní, àwọn méje sì ti ṣètò láti sanwó lóṣù yìí. Ìyáàfin Olúsànyà fúnra rẹ̀ wà nínú wọn. Sàhéèdì mọ ibẹ̀. Wọ́n ti pè é wá gbẹ́ kànga ládùúgbò ọ̀hún rí nínú oṣù kẹsàn-án, omi ti bo ọ̀nà débi pé ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ débẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wo ilẹ̀ náà, ó panu mọ́, nítorí bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ìtìjú yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ náà.

Ní Sátidé kejì, ó kọ àkòrí rẹ̀ sójú pátákó: Ẹ má ra ilẹ̀ nígbà ọyẹ́.

"Ta ni kò gbà?" ni Ìyáàfin Olúsànyà bèèrè. Gbogbo kíláàsì nawọ́, ti Bádéjọ ló kọ́kọ́ ròkè.

Sàhéèdì kọjú sí wọn. "Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí nígbà ọyẹ́," ló fi bẹ̀rẹ̀, "ó dà bí ọkọ ìyàwó tó wá kí àwọn àna. Ó ti wẹ̀, ó ti para, ó ń dọ̀bálẹ̀ káàkiri. Ẹ jẹ́ kí òjò dé ná, kẹ́ ẹ wá wo ìwà."

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn fún un lágbára.

"Ẹ wo ògiri ilé tó bá wà nítòsí. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú níbi orúnkún, ọmọdé kọ́ ló fi èédú fà á. Ẹ wá ihò alákàn. Alákàn kì í kọ́lé síbi tí omi ò ní padà sí. Ilẹ̀ tí wọ́n mú wa lọ wò lẹ́yìn Asese, ihò alákàn tí mo kà níbẹ̀ lé ní ogún. Mo rí i, mi ò sọ. Ẹ foríjì mí."

Bádéjọ fò dìde.

"Bọ̀dá Sàhéèdì, ẹ má ba ọjà mi jẹ́ o! Èmi gan-an ra pulọ́ọ̀tì méjì níbẹ̀. Báwo ni kọngílá ṣe mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Sàhéèdì.

"Agbẹ́kànga ni mí," ló wí. "Ogún ọdún rèé tí mo ti ń gbé inú ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ síbẹ̀, kí n gbẹ́ ẹ lójú yín. Tí omi ò bá yọ kí n tó gbẹ́ ẹ dé ìbàdí, kí Mà fún mi ní òdo."

Ìyáàfin Olúsànyà ti gbé báàgì kọ́ apá. "Ìròyìn ò tó àfojúbà," ló ní. "Ó yá."

Bọ́ọ̀sì méjì ló kó wọn dé Asese. Sàhéèdì yá díígà àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́bàá títì, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún Rosemary, ọmọ kíláàsì wọn kan, ó sì kiwọ́ bọlẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ohùn tó kọ̀ tí kò jáde lọ́dún tó kọjá wá ń dún ketekete nínú kòtò.

"Yanrìn funfun rèé. Òun ló ń tan ojú jẹ. Ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti ń dúdú. Ẹ bù ú, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Odò ló ń rùn yẹn."

Nígbà tí kòtò dé ibi orúnkún rẹ̀, Bádéjọ ti tú táì. Nígbà tó dé itan, Rosemary figbe ta. Omi ń yọ, ó ń ru jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ Sàhéèdì, nínú ọyẹ́ gan-an, nígbà tí ètè gbogbo ènìyàn ń sán. Àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Díákónì kan sọ pé "Halelúyà!" Sàhéèdì dúró nínú ẹrẹ̀ láìwẹ̀wù, inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ta ni kò gbà?" ni Ìyáàfin Olúsànyà tún bèèrè.

Kò sí ọwọ́ kan lókè. Obìnrin náà fi ìwé rẹ̀ lé apá, ó kọ máàkì sí i lórí ìdúró. "Àádọ́rùn-ún. Mi ò fún ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́ Mọ́ńdè lèmi ì bá sanwó o, Ọ̀gbẹ́ni Sàhéèdì. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni."

Bádéjọ lóṣòó sí etí kòtò, ó ń wo omi bó ṣe ń ga sí i. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí Sàhéèdì, ó sì fà á jáde.

"Bọ̀dá," ló rọra wí, "ilẹ̀ kan tún wà lọ́wọ́ mi lápá Ifọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ máa ráàyè bá mi lọ wò ó?"

Sàhéèdì nu ojú rẹ̀.

"Oṣù keje," ló dá a lóhùn. "Kí òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta."